Ẹ̀gbọ́n Adéríbigbé, Tí A Pè Ní Odi

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa wọn níbí. Mo máa kọ "wọ́n". Ẹ má rò pé èèyàn méjì ni. Ẹnì kan ni. Ó yẹ kí n ti máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1987. Mi ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Tìrìmísíyù lorúkọ mi. Bàbá Máyọ̀kún ni àwọn ọmọdé ń pè mí. Pẹ́ńtà ni mí. Mọ́tò ni mo ń kun, mo sì máa ń kọ pátákó fún ẹni tó bá fẹ́. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, mo wá lọ kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ dídùn, kó má wá a sọ́dọ̀ mi. Mo ti rí ọ̀dà tí wọ́n kun lé orí irin tó ti dógùn-ún. Oṣù mẹ́ta ló máa fi dán.

Adéríbigbé lorúkọ wọn. Joshua ni wọ́n sọ wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pánẹ́ẹ̀bítà ni wọ́n. Tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, tí ara rẹ̀ tẹ̀ wọlé, àwọn ni wọ́n máa fi òòlù lù ú títí tó fi máa jáde padà. Tí wọ́n bá ti ṣe tiwọn tán, èmi á wá kun ún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, nínú ọgbà àwọn mẹ́káníìkì kan ní Pápá Àjàó. Wọ́n kú lóṣù kẹta ọdún 2024. Etí wọn kò gbọ́ràn. Gbogbo Muṣin ń pè wọ́n ní Odi.

Èmi ni mo sọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe lọ rèé. Mo ti lo ọdún mẹ́ta nínú ọgbà yẹn kí wọ́n tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a rí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé àpò wọlé, òòlù méjì wà nínú rẹ̀. Kò ní irùngbọ̀n. Mo fojú wò ó pé á tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó dúró níwájú wa, ó tẹ orí díẹ̀, ó la ẹnu. "Ẹ káàárọ̀" ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ohùn náà nípọn, inú ọ̀fun ló ti ń bọ̀, bí ẹni tó ki orí bọ inú àgbá tó wá ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín jù.

Wọ́n wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pa tiwọn dé. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, mi ò gbọ́ ohùn yẹn mọ́.

Bàbá ọgbà ìgbà náà fún wọn ní àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á di ojú, wọ́n á na ọwọ́ sára irin, wọ́n á máa fi ìka wá ibi tí kò tíì tẹ́. Èmi á wò ó, mi ò ní rí nǹkan kan. Mo máa kun ún tán, á gbẹ, oòrùn á ràn sí i, ibi tí wọ́n fi ìka kàn gan-an ló máa yọ gọngọ. Nígbà tó yá, mi ò wo irin mọ́. Ojú wọn ni mò ń wò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fẹ́ pátákó. Wọ́n mú bébà kan fún mi, wọ́n ti kọ orúkọ wọn sí i. Lẹ́tà mẹ́wàá. Pákó tó wà lọ́wọ́ mi kúrú. Àwọn oníbàárà sì ti ń sọ pé "odi yẹn mọṣẹ́ o, ẹ lọ bá odi yẹn." Mo wá rò ó pé kí ni mo fẹ́ máa fi lẹ́tà mẹ́wàá dàmú ara mi sí. Mo kọ ODI, gàdàgbà, ọ̀dà pupa lórí funfun. Mo kọ iṣẹ́ wọn sábẹ́ rẹ̀. Ó dúró dáadáa. Mo yọ̀ sí i.

Wọ́n dúró, wọ́n wò ó pẹ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀wé. Mo rò pé ẹni tí kò gbọ́ràn ò lè kàwé, mo rò pé ẹlòmíràn ló bá wọn kọ bébà yẹn. Wọ́n gba bébà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n fi sápò. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé pátákó náà kọ́. Mo ní ó ti tẹ́ wọn lọ́rùn nìyẹn.

Ó tó bí oṣù kan lẹ́yìn ìgbà náà. A jọ wà nídìí Pijó kan. Mo ń pàṣẹ fún wọn bí mo ṣe ń pàṣẹ fún ọmọṣẹ́: ìwọ, wá síbí, gbé ìyẹn, yí i sápá ọ̀hún. Wọ́n fi òòlù sílẹ̀. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ 1949 sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ìka kan àyà ara wọn. Wọ́n wá na ìka sí mi, wọ́n na ṣọ́ọ̀kì náà sí mi.

Nídìí iṣẹ́ tiwa, ọ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo rò pé nọ́ńbà ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ kí n fi kun mọ́tò náà ni. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ bá ẹni tó ń ta ọ̀dà fún wa. Ó tú ìwé rẹ̀, ó ní kò sí 1949. Mo ní kó tún wò ó. Ó tún wò ó, ó ní bóyá ọ̀dà ayé àtijọ́ ni, pé wọn ò pò ó mọ́. Mo padà dé, mo ju ọwọ́ sí wọn: kò sí.

Wọ́n wò mí. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sí ohùn níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àkísà nu nọ́ńbà náà kúrò. Wọn ò kọ ọ́ mọ́.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé ọ̀tá la jẹ́. Ọ̀rẹ́ ni wá. Lọ́jọ́ Iléyá wọ́n máa wà nílé mi, lọ́jọ́ Kérésì èmi á wà nílé wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Margaret ìyàwó wọn, tíṣà ni, òun ló máa ń fi ọwọ́ túmọ̀ fún wa. Nígbà tí tínà tí a fi ń po ọ̀dà jó mi lọ́wọ́ lọ́dún 2003, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bá mi lẹ bébà mọ́ gíláàsì mọ́tò kí iṣẹ́ mi má baà dúró. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn.

Wọn kì í fi ẹnu pè wá, ọwọ́ ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Jeffrey, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, tí fóònù kì í kúrò létí rẹ̀, ọwọ́ létí lorúkọ tiẹ̀. Bàbá ọgbà, ikùn ni. Tèmi, wọ́n á fi ìka méjì kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn bí ẹni ń kun ọ̀dà, wọ́n á wá ká ẹnu pọ̀ roboto. Mo mọ ohun tí ìka dúró fún. Ẹnu roboto, mo ní ìbọn tí a fi ń fọ́n ọ̀dà ni, bó ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi, gbogbo èèyàn ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún. Mo ṣe é han Sàúdátù ìyàwó mi, mo ní wò ó, ẹni tó ń fọ́n ọ̀dà. Ó ní òun rò pé bí ẹnu mi ṣe máa ń gùn síta tí oúnjẹ bá pẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ nínú ọgbà, tí wọ́n bá rí mi láàárọ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, "ẹ káàárọ̀ sà." Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Adéríbigbé, ó di "Odi, o ti jẹun?" Ọmọ ogún ọdún. Mi ò bá wọn wí. Kí ni mo fẹ́ bá wọn wí sí? Ẹni náà ò gbọ́. Gbogbo wa la rò pé etí ni wọ́n fi ń gba ọ̀wọ̀. Èmi fúnra mi, "o" ni mo ń bá wọn sọ. Mo ti wà lọ́gbà kí wọ́n tó dé, mo sì rò pé mo jù wọ́n lọ.

Lóṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kan. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Apá kan ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo lọ wò wọ́n nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ń wo ẹnu mi bí wọ́n ṣe máa ń wò ó. Mo ní, "Ara rẹ ńkọ́? O máa dìde." Wọ́n gbé ọwọ́ tó ṣì lágbára, wọ́n fi ìka méjì kun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n fẹ́ ká ẹnu pọ̀, kò ká, torí apá kan ẹnu ti kú. Wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè ká. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kú.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Ayọ̀miídé wá sọ́gbà. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí nìyẹn. Yaba ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun nìkan ló kù. Kó tó dé ni Jeffrey ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, ó ti tẹ pósítà ńlá kan, ó ti so ó mọ́ ẹnu géètì wa: Ó DÁRÌNNÀKÒ, OLÓÒGBÉ BÀBÁ ODI. Ayọ̀miídé dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Mo mọ ìwò yẹn. Mo ti rí i rí, lójú bàbá rẹ̀, níwájú pátákó mi.

Ó wọlé, ó kí wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Jeffrey, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe odi."

Jeffrey ní kó má bínú, pé orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni. Pé tí wọ́n bá kọ Adéríbigbé, àwọn èèyàn á rò pé lọ́yà ló kú. Ó rí i pé ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù, ó ní òun ti ní ọ̀rọ̀ míì nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó níyì. Ó kà á síta: "Akàndá ẹ̀dá tí Ẹlẹ́dàá fi ìpèníjà ìgbọ́rọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́."

Ó wò wá láti mọ̀ bóyá ó dùn. Ayọ̀miídé ní kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan ṣe bàbá òun lọ́ṣọ̀ọ́.

Ó ní, "Adití ni wọ́n. Àwọn fúnra wọn, ohun tí wọ́n ń pe ara wọn nìyẹn. Etí wọn ni kò gbọ́, ẹnu wọn ò kú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nílé, tí àlejò ò bá ti sí."

Mo ní, "Ó ń sọ̀rọ̀?"

Ó wojú mi kó tó dáhùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọmọ ọdún méje ni wọ́n nígbà tí ibà gba etí wọn, wọ́n ti mọ̀rọ̀ sọ kó tó dé. Ìyá wọn ò jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ohùn náà nípọn, ṣùgbọ́n òun àti ìyá òun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ibiṣẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń pe "Ayọ̀". Ó ní òun bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ní Pápá Àjàó. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ ni kì í gbọ́ràn.

Jeffrey rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ohùn yẹn, "ẹ káàárọ̀", inú àgbá. Ọkùnrin yìí ní ohùn. A fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ wọn, mo wá mú ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí gbangba pé wọn ò ní ohùn.

Ohun tí Ayọ̀miídé bá wá gan-an ni pé ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ kí wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé bàbá rẹ̀ síta lọ́jọ́ ìsìnkú, ojú ewé kan. Èmi ló fẹ́ kí n kọ ọ́, kí n sì kà á. Mo ní ìwé mẹ́rin ni mo kà, pé ẹ̀sìn tèmi sì yàtọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní èyí tí wọ́n kọ fún ìyá òun, ọ̀rọ̀ dídùn ló kún inú rẹ̀, òun wá ìyá òun níbẹ̀ títí, òun ò rí wọn. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tún sin ẹnì kejì bẹ́ẹ̀.

Ó na bébà kan sí mi tí ó kọ díẹ̀ sí kí n lè fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ wọn wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo rí 1949.

Mo bi í pé kí ni 1949.

"Ọdún tí wọ́n bí wọn ni, Bàbá Máyọ̀kún."

Ọdún 1953 ni wọ́n bí èmi.

Mo jókòó sórí táyà. Mo rí ṣọ́ọ̀kì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rí ìka wọn ní àyà ara wọn, mo rí i bó ṣe yí sí mi. Èmi nìyí, ìwọ ńkọ́? Ohun tí wọ́n ń bi mí nìyẹn. Àgbà mi ló dé bá mi ní 1987, tó tẹ orí fún mi, tó sọ pé "ẹ káàárọ̀". Mo lọ bá wọn wá ọ̀dà.

Mo bi ọmọ náà bóyá wọ́n sọ nǹkan kan nípa mi rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọ̀rẹ́ wọn ni mí. Mo ní kó sọ èyí tó kù. Kò fẹ́ sọ ọ́. Mo dúró tì í.

Ó wá ní, "Ẹ wo ẹnu mi." Ó ní, "O." Ẹnu rẹ̀ ká pọ̀ roboto. Ó ní, "Ẹ." Ẹnu rẹ̀ là, ó fẹ̀. Ó ní ojú ni bàbá òun fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹnu èèyàn ni wọ́n ń kà. Kò sí "o" kan tó bọ́ mọ́ wọn lójú láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ọgbà yìí. Tí wọ́n bá délé lálẹ́, tí wọ́n ń jẹun, wọ́n máa ń sọ fún ìyá òun: lónìí, ẹnì kan pè mí ní "ẹ", oníbàárà kan láti Ìkẹjà ni. Lónìí, kò sí. Wọn kì í bínú sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀, òjò ò rọ̀.

Mo gbé ìka méjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo ká ẹnu pọ̀. Mi ò bi í ní nǹkan kan, mo kàn ṣe é.

Ó ní, "Kì í ṣe ìbọn ọ̀dà, Bàbá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, pẹ́ńtà tó ń pè mí ní 'o'."

Ó rí bí ojú mi ṣe rí, ó fi kún un pé wọn ò fi ṣépè. Ó ní, "Wọ́n kàn ń pè yín bí ẹ ṣe rí ni."

Nígbà tó lọ, mo lọ sídìí Tóyótà kan tó ti kú sínú ọgbà wa, tí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú dígí náà. Mo ní "o." Mo ní "ẹ." Mo tún ní "o." Ọmọ ọwọ́ pàápàá máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan kọjá, ó bi mí bóyá eyín ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Jeffrey tún wá. Ó ní èmi ni àgbà ọgbà báyìí, kí n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní tí a bá yọ Odi kúrò lára pósítà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tó kú, àwọn èèyàn ò ní wá, pé ṣé ìyẹn wá ni ọ̀wọ̀? Mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Mo rò ó títí. Mo ní kó yọ ọ́. Kó kọ Adéríbigbé Joshua, pánẹ́ẹ̀bítà. Kó kọ adití, kó má fi nǹkan kan yí i ká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rí i." Ó ṣe é. Fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi yà lọ́jọ́ tí Ayọ̀miídé gboyè ni, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n de táì. Ta ló rí wọn nínú kóòtù rí ní Muṣin? Mo rí àwọn oníbàárà wọn tí wọ́n kọjá níwájú pósítà yẹn, tí wọn ò dúró.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ojú ewé kan. "Ó" ni mo fi kọ èyí àkọ́kọ́ tán. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Mo fà á ya. Èkejì, mo kọ ọ́ pé wọ́n jẹ́ èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo fa ìyẹn náà ya, torí wọn ò jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àwa la pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, a lé ní ọgọ́ta nínú ọgbà wa, ẹni mẹ́sàn-án ló wá. Jeffrey wà lára wọn. Kò sọ pé òun ti sọ ọ́. Ìlà iwájú ló kún. Àwọn adití ẹlẹgbẹ́ wọn ló jókòó síbẹ̀, bí ogún, àgbà ló pọ̀ jù. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti máa fi ọwọ́ túmọ̀ ohun tí mo bá kà.

Mo ní, "Tìrìmísíyù lorúkọ mi."

Obìnrin náà dúró. Kò mọ bó ṣe máa fi ọwọ́ pe Tìrìmísíyù. Bàbá arúgbó kan níwájú gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka méjì kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ká ẹnu pọ̀. Gbogbo ìlà náà mi orí. Wọ́n mọ̀ mí. Láti bí ogójì ọdún ni wọ́n ti mọ̀ mí, mi ò rí ọ̀kan nínú wọn rí. Gbogbo wọn yíjú, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo kà á. Kò gùn. Mo ní, "Ọdún 1949 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi Adéríbigbé. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti jẹ́ adití. Wọn kì í ṣe odi. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pákó kúrú ni mo fi ṣàwáwí. Wọ́n kí wa lọ́jọ́ tí wọ́n dé, a fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ̀rọ̀ níbiṣẹ́ mọ́. Ìka wọn máa ń rí ohun tí ojú mi ò rí. Wọ́n bímọ kan, wọ́n rán an níwèé, wọ́n ń pè é ní Ayọ̀. Wọ́n fẹ́ Margaret, Margaret ń gbọ́ wọn." Ibẹ̀ ni mo ti parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí.

Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Wọn ò tíì dé e. Mo bẹ̀rẹ̀ kí ẹnu mi lè kọjú sí wọn dáadáa. Mo ní, "Ẹ sùn re, ẹ̀gbọ́n." Bí a ṣe ń sọ ọ́, "o" ló máa ń parí rẹ̀. Ó ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Ní ọjọ́ kejì, mo yọ pátákó yẹn kúrò lára ògiri. Ibi tó wà ṣì funfun ju ibi tó kù lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, oníbàárà wọn kan gbé mọ́tò wá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti tẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkùnrin náà ti mọ̀ wọ́n. Ó ní òun gba ẹnu géètì kọjá nígbà tí pósítà wà níbẹ̀, pé òun kẹ́dùn lórí ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù yẹn, ó ní bóyá àbúrò onílẹ̀ ni. Ó wo ara ògiri, ó wo yíká.

Ó ní, "Odi dà?"

Mo ní, "Wọ́n ti kú."

Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo inú ọgbà lọ́hùn-ún, ó ń wá àwọn tó ṣẹ́kù.

Ó ní, "Àwọn wo? Àwọn mélòó ló kú?"

Mo ní ẹnì kan ni. Mo ní Adéríbigbé ni wọ́n ń jẹ́.